Ewì Ti Lórin Nínú Kí Olórin Tó Dé: Ohun Tí Orin Inú Yàrá Ń Wá Lọ́dọ̀ Akéwì Àtijọ́

Tí wọ́n bá dárúkọ orin klásíkà fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ni àwọn àgbààgbà tó wọ kóòtù dúdú, tí wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Ẹlòmíì á ní orin tí wọ́n ń lò nígbà tí ìyàwó bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹlòmíì á ní orin tí báǹkì máa ń fi sí èèyàn létí lórí fóònù ni, nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró ná.

Kò burú. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú orin yìí tó sún mọ́ wa ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n ń pè é ní orin inú yàrá, ewì sì wà lára ohun tó ti ń fún un lóúnjẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Títí di òní olónìí, àwọn olórin ṣì ń padà sọ́dọ̀ akéwì tó ti kú láti 100 ọdún, láti 800 ọdún pàápàá, wọ́n ń mú ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń fún un ní ohùn tuntun. Kí ni wọ́n ń wá? Kí ló sì kàn wá níbẹ̀, àwa tí èdè wa jẹ́ orin tẹ́lẹ̀? Ẹ máa bá mi kálọ.

Kí là ń pè ní orin inú yàrá?

Orúkọ yẹn ò le rárá. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, yàrá ńlá nílé àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti máa ń ṣe orin yìí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe gbọ̀ngàn ìṣeré. Àwọn tó ń ṣe é kì í pọ̀: ẹni méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ó lè dé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Èyí tó lókìkí jù ni ti ẹlẹ́ni mẹ́rin: violin méjì, viola kan, cello kan. Kò sí ọ̀gá tó dúró níwájú tó ń ju ọ̀pá.

Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, èèyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa ta ohun kan náà lórí violin. Bí ẹnì kan bá ṣi ọwọ́, ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù. Nínú orin inú yàrá, ìwọ nìkan lo wà lórí iṣẹ́ rẹ. Bí o bá ṣì í, gbogbo ayé gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń wo ojú ara wọn, tí wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn.

Ẹni tó bá ti wo àwọn onídùndún dáadáa ti mọ irú nǹkan yìí. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ìlù ń gbè é, gúdúgúdú ń ṣe tiẹ̀ lábẹ́. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ àyè rẹ̀. Ìyáàlù ló ń darí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lù náà ló ń darí.

Kó má bàa dà wá lójú rú, nínú àròkọ yìí, tí mo bá sọ pé "olórin", ẹni tó hun orin náà tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ń sọ. "Akọrin" ni ẹni tó ń fi ẹnu kọ ọ́.

Ewì tó gun ẹṣin

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ní ọdún 1782, Johann Wolfgang von Goethe, ọ̀gá akéwì ilẹ̀ Jámánì, kọ ewì kan tó pè ní Erlkönig. Ìtàn inú rẹ̀ ò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn iwin rí. Bàbá kan ń gun ẹṣin lóru, ó di ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mọ́ra. Ọmọ náà ń rí ọba iwin, ó ń gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn pe òun. Bàbá ò rí nǹkan kan. Ó ní ìkùukùu ni, ó ní atẹ́gùn ni. Kí wọ́n tó délé, ọmọ ti kú.

Ní ọdún 1815, ọmọkùnrin kan ní Vienna, Franz Schubert, tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, mú ewì yìí, ó fi hun orin fún akọrin kan àti piano kan. Àwọn kan á ní orin ohùn àti piano ní orúkọ tirẹ̀, kò yẹ ká kà á mọ́ orin inú yàrá. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ẹ má jẹ́ ká torí ìyẹn jà.

Ohun tó ṣe nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń tẹ piano ń sáré lórí ohùn kan náà, kíákíá, láìsinmi: ẹsẹ̀ ẹṣin nìyẹn. Akọrin kan ṣoṣo ló máa di èèyàn mẹ́rin: ẹni tó ń sọ ìtàn, bàbá, ọmọ, àti iwin. Ohùn bàbá wà nísàlẹ̀. Ohùn iwin tutù, ó dùn, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó bani lẹ́rù. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ké pe bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ga ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí wọ́n délé, piano dákẹ́. Akọrin wá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ lásán. Ẹṣin ti dúró.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Schubert ò kàn fi orin dídùn bo ewì náà bí ẹni fi aṣọ bo tábìlì. Ìró ẹsẹ̀ ẹṣin wà nínú ewì Goethe tẹ́lẹ̀. Ohùn mẹ́rin wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù tó ń ga sí i wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olórin gbọ́ wọn ni, ó sì wá ibi tó máa gbé oníkálukú wọn sí.

Inú akéwì kì í fìgbà gbogbo dùn

Ní ọdún 1816, àwọn ọ̀rẹ́ Schubert kó àwọn orin tó ti hun sí ewì Goethe jọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá náà. Wọ́n dá a padà fún wọn. Kò sí èsì, kò sí "ẹ ṣeun".

Ó rọrùn láti bínú sí Goethe. Ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ náà ní ìdí. Irú orin tó fẹ́ràn ni èyí tó rọrùn, tí ohùn kan náà ń padà wá ní ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ lè wà níwájú kí orin sì tẹ̀lé e. Ìbẹ̀rù akéwì ni pé orin lè jẹ ewì mọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ lára. Lẹ́yìn tí orin bá parí, èèyàn á máa kùn ún lẹ́nu, á sì ti gbàgbé ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Mélòó nínú orin tí a ń jó sí ní òde ni a lè jókòó ká sọ ìtumọ̀ ẹsẹ̀ kejì rẹ̀?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyẹn láti ìgbà náà: tí olórin bá gbé ewì, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í ṣe orin

Ẹ jẹ́ ká fo nǹkan bí 100 ọdún. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1912, ní ìlú Berlin, òṣèré obìnrin kan, Albertine Zehme, gorí ìtàgé láti ṣe iṣẹ́ tuntun tí Arnold Schoenberg hun: Pierrot Lunaire. Ewì 21 ló wà nínú rẹ̀. Albert Giraud ará Belgium ló kọ́kọ́ kọ wọ́n ní èdè Faransé, ẹ̀dà tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Jámánì ni Schoenberg lò. Èèyàn márùn-ún péré ló ń ta ohun èlò fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ láàárín ara wọn, àpapọ̀ ohun èlò náà sì jẹ́ 8.

Ohùn obìnrin náà ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Schoenberg ní kò gbọdọ̀ kọrin, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Kó kan ohùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, kó sì kúrò lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó yọ́ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ àlàyé yìí á rẹ́rìn-ín. Kí ni ìjálá ọdẹ? Kí ni rárà? Kí ni ẹkún ìyàwó, ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, ẹ̀sà egúngún? Gbogbo wọn wà ní àárín ọ̀rọ̀ àti orin. A kì í "sọ" ìjálá, a kì í sì í "kọ" ọ́ bí a ṣe ń kọ orin. A máa ń sun ún ni. Etí Yorùbá sì mọ̀yàtọ̀ láàárín onírárà àti oníjálá láti ọ̀ọ́kán, kódà kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Mi ò ní Schoenberg gbọ́ ìjálá rí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilẹ̀kùn tó fi agbára ṣí ní Berlin lọ́dún 1912, kò fìgbà kan tì nílẹ̀ tiwa.

Ayùn, fèrè àti ohùn inú piano

Ní ọdún 1970, nílùú Washington, wọ́n ṣe iṣẹ́ kan tí George Crumb, olórin ará Amẹ́ríkà, hun. Orúkọ rẹ̀ ni Ancient Voices of Children. Ewì Federico García Lorca ló wà nínú rẹ̀, akéwì ilẹ̀ Sípéènì tí wọ́n yìnbọn pa ní ọdún 1936 nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 38 ni.

Ẹ wo ohun tí Crumb kó jọ: piano, háàpù, mandolin, fèrè oboe, oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń lù, piano kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, àti ayùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ayùn. Wọ́n ń fi ọrun violin fà á, á sì máa hu bí ẹni tó ń sunkún lọ́nà jíjìn. Obìnrin akọrin náà dojú kọ inú piano tó ṣí sílẹ̀, ó kọrin sórí àwọn okùn irin inú rẹ̀. Àwọn okùn náà gbọ̀n, wọ́n sì dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Ọmọdékùnrin kan ń kọrin láti ẹ̀yìn ìtàgé, a ò rí i. Ìparí ló tó jáde wá pàdé obìnrin náà.

Lorca kọ̀wé púpọ̀ nípa ọmọdé, ikú, ilẹ̀ àti omi. Crumb ò ṣàlàyé èyí fún wa. Ó jẹ́ ká gbọ́ ohùn kan tí ń wá ohùn mìíràn ni.

Kaija Saariaho, ọmọ ilẹ̀ Finland tó kú ní ọdún 2023, lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Lonh, ti ọdún 1996, jẹ́ ti obìnrin akọrin kan àti ohùn inú kọ̀ǹpútà. Jaufré Rudel ló ni ewì ibẹ̀, akéwì gúúsù ilẹ̀ Faransé ní ohun tó lé ní 800 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ìfẹ́ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ̀yin tí olólùfẹ́ yín ti jápa, tó jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti ń fẹ́ra, ẹ má sọ pé ewì àtijọ́ ò mọ̀ yín.

Ó kan ilé: èdè tó ń bá orin jà

Ní gbogbo ibi tí a ti yà dé yìí, olórin lè ṣe ohùn bó ṣe wù ú. Bó bá gbé ọ̀rọ̀ Jámánì lọ sókè, bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ò yí padà. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa la kọ́ dò re mí nílé ìwé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, tòkè ni mí. Ẹ sọ ọ́ sókè: "Bàbá lọ sọ́jà." Dò mí re mí dò. Ẹ ti kọrin nìyẹn, ẹ ò sì mọ̀. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ wo wàhálà tó wà níbẹ̀. Bí "ọkọ̀" bá bọ́ sí ibi tí orin ti ń gòkè, ó di "ọkọ́". Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ti gbé ọkọ́ lọ sóko nìyẹn. Ìjọ ń kọrin tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n bí àjèjì tó gbọ́ Yorùbá bá kọjá lójú fèrèsé, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, ó sì ti mọ́ wa létí.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí karí ni Ekundayo Phillips. Òun ló ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church, Marina, l'Ékòó, láti ọdún 1914 títí di 1962. Ní ọdún 1953 ó gbé ìwé kan jáde nípa orin Yorùbá. Ohun tó dúró lé lórí ò le: orin tó bá máa gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ náà. Fẹlá Ṣówándé kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Ayọ̀ Bánkọ́lé náà sì jẹ nínú ìmọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1959, ọdún kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, Ayọ̀ Bánkọ́lé hun orin Yorùbá mẹ́ta fún ohùn ọkùnrin àti piano. Ní ọdún yẹn kan náà, Akin Euba ṣètò orin ìbílẹ̀ Yorùbá mẹ́fà fún ohùn àti piano. Ọdún 1935 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ yín ni wọ́n nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tàbí kó má tíì pé. Wọ́n ti kàwé orin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mọ Schubert lámọ̀dunjú. Kàkà kí wọ́n máa ṣe bí Schubert, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu ìyá àti bàbá wọn ni wọ́n lọ gbé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orin inú yàrá?

Ibí ló ti dùn mọ́ mi jù. Nínú orin ẹgbẹ́ akọrin bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn mẹ́rin ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀. Bí ti òkè bá ń gòkè, ti ìsàlẹ̀ lè máa bọ̀ nílẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ Yorùbá, ó ṣòro kí gbogbo wọn tó sọ òótọ́. Ẹni tó wà lókè lè máa pe ọkọ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa pe nǹkan mìíì.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohùn kan pẹ̀lú ohun èlò díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Akọrin á tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Piano, cello tàbí fèrè á wá ní òmìnira láti rìn bó ṣe wù wọ́n. Kí ẹ má rò pé olórin ti wọ ẹ̀wọ̀n o. Èdè sọ fún un pé kó gòkè; èdè ò sọ fún un bó ṣe máa ga tó. Ó lè gun àtẹ̀gùn kan, ó lè fo mẹ́rin. Òun ló máa pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ á ti yá, ibi tó ti máa falẹ̀, ibi tí gbogbo nǹkan á ti dákẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí Schubert ò ní. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun èlò lè sọ̀rọ̀. Ìyáàlù lè ki èèyàn láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu. Akin Euba mọ èyí dáadáa. Orí ìlù dùndún ló ti ṣe ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní ọdún 1974. Òun náà ló gbé èrò kan kalẹ̀ pé a lè tẹ piano ní ọ̀nà Áfíríkà, kí ọwọ́ méjèèjì máa ṣe bí onílù. Bí violin tàbí cello bá lè yọ́ láti ohùn kan sí òmíràn bí gángan ṣe ń ṣe, á jẹ́ pé olórin lè fi oríkì sí i lẹ́nu. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá á gbọ́ orin. Ọmọ Yorùbá tó jókòó sẹ́yìn á gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ta ló ni ewì?

Kò yẹ ká kàn máa pàtẹ́wọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tó yẹ ká yẹ̀ wò.

Èkínní, ewì wa kì í jókòó sójú kan. Ẹni tó ń sun rárà máa ń wo ojú rẹ. Bí o bá wọlé, á fi orúkọ rẹ kún un. Bí o bá náwó, ó gùn sí i. Tí a bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé, ohùn kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀, ti àná ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí olórin fi àyè sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí asunrárà gidi jókòó láàárín àwọn oníviolin, kó sun ún bó ṣe wá sí i lẹ́nu, kí àwọn yòókù sì máa tẹ̀lé e. Ó gba ìgboyà, torí kò ní rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bí ewì náà ṣe ń gbé láyé nìyẹn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ Erlkönig, orúkọ Goethe máa ń wà níbẹ̀. Akin Euba náà gbé ewì Léopold Sédar Senghor lórí Chaka, ọba àwọn Zulu, ó fi hun iṣẹ́ ńlá kan ní ọdún 1970, orúkọ Senghor sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oríkì tí ìyá àgbà kan ní abúlé sun sórí ẹ̀rọ olórin, kí ni wọ́n máa ń kọ? "Ìbílẹ̀." Ó parí. Olórin á gba ìtẹ́wọ́gbà, ẹgbẹ́ akọrin á gba owó, ìyá á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé kò sí ẹnì kan tó dá oríkì orílẹ̀ ní. Ti ìdílé ni, ti ìlú ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, dárúkọ ewì àti orin ìbílẹ̀ lára ohun tó yẹ ká dáàbò bò. Ṣùgbọ́n òfin nìkan ò lè kọ orúkọ ìyá àgbà sínú ìwé ètò. Ẹni tó lọ gbà á lẹ́nu rẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tó sun ún. Kó sì fún un lówó. Bí ó ti sun ún yẹn, ibi tó ti mí, ibi tó ti fà á gùn, ọgbọ́n orí tirẹ̀ ni. Iṣẹ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ fúnra yín

Ẹ ò nílò kóòtù dúdú. Gbogbo iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí mo dárúkọ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Erlkönig, torí kò gùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ẹ ka ìtumọ̀ ewì náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ máa tẹ̀lé ohùn akọrin. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì kẹ́ ẹ gbàgbé akọrin, kẹ́ ẹ máa tẹ̀lé piano nìkan. Ibi tí piano bá ti mọ nǹkan tí akọrin ò tíì sọ, ẹ sàmì sí i.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ Yorùbá lẹ rí, ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ pa orin náà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ nínú ilé. Ẹ tún ṣí orin náà. Ṣé ibi tí ẹnu yín ti gòkè ni ohùn akọrin ti gòkè? Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, ṣé olórin ní ìdí, àbí ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ lè ṣe adájọ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n orin ní Vienna ò lè bá yín ṣe é.

Ẹni tó bá wà l'Ékòó lè máa fojú sí ètò MUSON Centre ní Oníkan, wọ́n máa ń ṣe orin àwọn ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ orin sì wà nínú ọgbà náà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá náà nìkan lẹ máa wá. Ẹ béèrè èyí tó kéré.

Bí ẹ bá sì ṣì ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó mọ oríkì ìdílé yín, ẹ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ fi fóònù yín gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí i. Bóyá ọ̀kan nínú yín tó mọ piano tàbí gìtá á gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́.